Oyin Tí Mo Fi Pa Ìka

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni mo bá wá, ọpẹ́ tó ṣì rú èmi fúnra mi lójú díẹ̀. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí Ìyá Rótìmí di opó nídìí ẹ̀gẹ́, Òun ni kẹ́ ẹ bá mi gbé ga.

Ẹ mọ̀ pé dókítà ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ní kí n máa lo oògùn oníhóró kan láràárọ̀. Bùnmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Olódò, wá gba ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fún mi lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ti òkè òkun dé. Ẹ ó gún ìka, ẹ ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, nọ́ńbà á sì yọ lójú ẹ̀rọ. Bùnmi ní kí n máa fọ ọwọ́ kí n tó wò ó láàárọ̀, kí n kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, tó bá sì ga ju 130 lọ, kí n wá bá òun. Kò ní kí n fi ọgbọ́n tèmi kún un o.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo fi àdá pa ọká lóko, abẹ́rẹ́ tíńtín ń mú mi làágùn! Ẹ rántí oyin tí a jọ gbàdúrà sí nígbà ìsọjí? Òun ni mo ń fi pa ìka kí n tó gún un, kí abẹ́rẹ́ má baà pa mí lára. Fífọ ọwọ́ kẹ̀? Ta ní ń fi omi ṣan àdúrà dànù?

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 240. Lọ́jọ́ kejì, 290. Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Oúnjẹ ò kan ẹnu mi, ó di 330! Mo ní àbí ẹnì kan ń bá mi jẹun ni? Bí àdúrà mi ṣe ń le sí i, oyin ń pọ̀ sí i lórí ìka, nọ́ńbà sì ń gòkè. Ìyá Rótìmí kó gbogbo ṣúgà ilé fún aládùúgbò.

Ẹ jọ̀ọ́, àgbẹ̀ kòkó ni mí. Tí kòkó bá ń jẹrà, tí oògùn ò ràn án, kí là ń ṣe? À ń fi kún oògùn inú páǹpù ni. Mo bá sọ hóró kan di méjì. Pẹ̀lú ààwẹ̀ o!

Lọ́jọ́ kẹta tí mo ti ń lo hóró méjì, oko ẹ̀gẹ́ ni mo wà. Òógùn bò mí, ilẹ̀ ń yí. Mo pe Jésù, mo pe Ìyá Rótìmí, mi ò mọ ẹni tí mo kọ́kọ́ pè. Ìyá Rótìmí fi èjìká gbé mi délé. Bí a ṣe ń wọlé ni Bùnmi ń sọ̀ lórí ọ̀kadà, ó wá wo ìwé mi. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, ó gún un. 38.

Mo ní, "38 nínú mélòó?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣì ń ṣe yẹ̀yẹ́! Ṣúgà ara yín ló ń tán lọ yìí. Ṣúgà dà nínú ilé yìí?"

Ìyá Rótìmí káwọ́ lórí. "Mo ti fi ta wọ́n lọ́rẹ!"

Ni Bùnmi bá rí ìgò oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì mi.

Mo ní, "Oyin kẹ̀? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ gbé e mì, Bọ̀ọ̀dá!"

Mo gbé e mì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ilẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ló lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ. Mo jẹ́wọ́. Ìyá Rótìmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bùnmi ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Oyin lẹ ti ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Oògùn méjì yẹn ì bá gbé yín lọ."

Ẹ̀yin ará, títí di bí mo ṣe dúró yìí, orí mi ò tíì gbà á tán. Oyin tó fẹ́ pa mí náà ló gbà mí. Mo ní kí Olúwa já ṣúgà wálẹ̀, ó wálẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi wọlẹ̀. Ta ló sì rán Bùnmi wá lọ́jọ́ yẹn gan-an? Alùfáà á bá mi tú u.

Èyí tó yé mi ò ju èyí lọ: mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ ní 118, mo sì lo hóró kan ṣoṣo. Ìgò oyin rèé lápò mi, ti ẹnu ni, kì í ṣe ti ìka mọ́. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, kẹ́ ẹ fi ògo fún Ẹni tó gbọ́ àdúrà èmi agọ̀, tí kò sì fi ìwà agọ̀ mi pa mí.