Ọ̀rọ̀ Adùkẹ́ Ni Mo Lọ Sọ Níwájú Àwọn Onímọ̀ Òkun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ṣì ń gbàdúrà fún mi, mi ò sì lè ṣe àmín mọ́.

Tíṣà ni mí n'Ínísà. Mo ti pẹ́ nílé ìwé wa kí wọ́n tó gbé Adùkẹ́, ọmọ Òkukù, wá síbẹ̀. Mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó dé tó fi jẹ́ pé òun làwọn ọmọ ń sá tẹ̀ lé.

Á kó wọn lọ sétí odò Ọ̀tìn, á ní, "Omi yìí ń lọ sókun. Ọ̀tìn á wọ Ẹrínlẹ̀, Ẹrínlẹ̀ á wọ Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun á wọ ọ̀sà, ọ̀sà á wọ òkun. Oògùn kòkó tẹ́ ẹ bá dà sódò láti fi pa ẹja, ó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí."

Àwọn òbí pàápàá ń wá gbọ́ ọ. Tí mo bá rí wọn tí wọ́n ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, màá yára wọ kíláàsì kí n má bàa kí wọn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí òkun l'Ékòó, ọmọ Ìkìrun, tó ti gbọ́ bí Adùkẹ́ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nípa odò, wá bá mi ní kíláàsì, ó ń béèrè rẹ̀. Àwọn onímọ̀ òkun níbi iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣèpàdé láti pinnu ohun tí wọ́n máa wádìí nípa òkun àti etíkun, ohun tí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ, àti bí wọ́n ṣe máa la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀. Adùkẹ́ ti lọ wo ìyá rẹ̀ l'Ókukù.

Ọ̀gá náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún un pé à ń retí ẹ̀."

Mi ò lè sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Ìlara ni. Mo purọ́, mo ní, "Ọkọ ẹ̀ ò ní jẹ́ kó wá. Àmọ́ èmi náà mọ iṣẹ́ yẹn."

Ó gbà mí gbọ́. Mo lọ.

L'Ékòó, mo dìde, mo sọ ọ̀rọ̀ Adùkẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an. Mo ní kí wọ́n má fi ẹ̀kọ́ òkun mọ sí etíkun, torí àwa tá a wà lókè odò là ń ba omi náà jẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi í kún ìpinnu wọn, wọ́n sì ní kí n máa kọ́ àwọn tíṣà agbègbè wa.

Nígbà tí mo dé, Adùkẹ́ gbọ́ pé mo lọ sípàdé òkun, ó wá kí mi. Ó ní, "Àǹtí, wọn ò béèrè mi?"

Mo ní, "Wọn ò dárúkọ ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bóyá èrò mi ò tó nǹkan ni."

Kò kó ọmọ kankan lọ sódò mọ́. Nígbà tó yá, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ránṣọ l'Ókukù. Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn nígbà yẹn. Síbẹ̀ mi ò sinmi, torí àwọn ọmọ ṣì ń bi mí pé níbo ló wà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íkìrun. Ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run lò mí láti gbé ọ̀rọ̀ odò wa dé Èkó.

Àwọn onímọ̀ òkun Èkó ti tún pè mí sípàdé mìíràn. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún un nílé ẹ̀ ni, àbí kí n mú un dání lọ, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo mọ̀ pé tó bá lè la ẹnu níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, ìyẹn náà ṣì ń dùn mí.