Níbo Ni Ọmọ Yín Máa Ń Sùn?

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Èémí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ sínú microphone yìí, ẹ̀bùn ni. Nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ mi tán, ẹ ó mọ̀ pé mi ò kàn fi ẹnu lásán sọ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, orúkọ mi ni Rónkẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, dialysis ni mò ń ṣe ní ìlú McDonough, à ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan tó kọjá McDonough ni mò ń gbé, níbi tó jẹ́ pé àwa ará àdúgbò fúnra wa là ń pa iná. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wa. Tí rédíò bá ti dún, ẹni tó wà nídìí ọbẹ̀ á sáré, ẹni tó wà lábẹ́ mọ́tò á sáré. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Sunday school fi ń pè mí ní Aunty Fire. Mo ti gbà á lórúkọ.

Pásítọ̀ ní kí n wá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gba àwọn ọ̀dọ́ wa níyànjú, torí àwọn kan nínú wọn ti lọ forúkọ sílẹ̀ ní fire department àdúgbò wọn. Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí mo mú wá kì í ṣe ẹ̀rí ijó. Ẹ jọ̀ọ́, kí keyboard sinmi díẹ̀.

Dámilọ́lá, mo rí picture tó o yà pẹ̀lú helmet. Ó bá ọ mu gan-an. Mọ́mì ẹ ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan àwọn tó wà ní Tucker tí kì í wá mọ́. Ṣùgbọ́n helmet kọ́ ni iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ni kíláàsì tí wọ́n ti máa fi aṣọ bò ọ́ lójú, tí wọ́n á ní kó o máa fi orúnkún rìn, kó o máa fọwọ́ wá ọ̀nà. Iṣẹ́ ni kó o fọ aṣọ iná yẹn ní station, kó o má gbé e wọ yàrá rẹ, torí èéfín tó lẹ̀ mọ́ ọn, májèlé ni. Kó o sì rọra wakọ̀ tí wọ́n bá pè ọ́. Títì ò mọ̀ pé o fẹ́ lọ gba ẹ̀mí là, ó lè pa ọ́ kó o tó rí iná sójú. Kó o sì pa stove tìrẹ kó o tó jáde nílé. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan ní station wa, àwa náà la lọ pa iná ilé rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dúró síbí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Mò ń din ata lọ́wọ́ nígbà tí rédíò dún pé ilé ń jó ní subdivision kan, estate kan tí kò jìnnà sí wa. Mo pa stove, mo jáde. Nígbà tí truck wa fi máa débẹ̀, garage ti gbiná, èéfín dúdú ti ń yọ lábẹ́ òrùlé. Mr. Wendell lọ̀gá wa. Bàbá àgbàlagbà ni, bọ́ọ̀sì school ló ń tún ṣe. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó sì bi màmá kan tó dúró lórí koríko ní ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ bi onílé: "Is anybody inside, ma'am?"

Màmá yẹn, ará wa ni. Ìbàdàn ló ti wá bá ọmọkùnrin rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. Ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, kò sí ní ìkejì. Ìyá ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Mama fi gbogbo agbára dá Mr. Wendell lóhùn: "Nobody! In Jesus' name, nobody! Nobody is inside fire!"

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin mọ ohun tí Mama ń ṣe. Mr. Wendell ò mọ̀. Àwa la kọ́ ara wa pé ohun téèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni yóò rí. Ibà á máa gbọ̀n wá, a ó ní ara wa le. Wọ́n á lé wa níbi iṣẹ́, a ó ní it is well. Òyìnbó gbọ́ nobody, ó gbé rédíò sẹ́nu, ó ní gbogbo èèyàn ti jáde, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, ká dúró níta ká máa da omi. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. A kì í fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ra ilé òfìfo padà.

Mò ń fa hose kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mama nígbà tí mo gbọ́ ohun tó ń sọ ní Yorùbá. Ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀. "Ọmọ mi ò sí nínú iná! Gbóyèga ò sí nínú iná! Sátánì, irọ́ lo pa!" Ta ló bi í ní ti ọmọ? Kò sẹ́ni tó dárúkọ Gbóyèga kankan níbẹ̀.

Mo ṣí helmet kó lè rí ojú mi. Mo ní, "Ẹ kú ìdààmú, Ma. Ọmọ yín ni mí. Gbóyèga ńkọ́?"

"Má bi mí," ló wí. "Kì í ṣe ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ."

Mo tún bi í, ó gbé ojú sókè, ó ń gbàdúrà lọ. Inú bí mi, kí n má parọ́. Ilé ń jó, a jọ ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi náà rí bẹ́ẹ̀. Ó kú sí Òṣogbo láì dárúkọ àìsàn tó pa á rí, gbogbo wa la sì ń bá a pè é ní "nǹkan yẹn." Mo mọ̀ pé tí mo bá fipá fa ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Mama, kò ní jáde. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ nǹkan kan, Ma. Tí Gbóyèga bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án báyìí, níbo ló máa ń sùn?"

Ó wò mí. Àdúrà dáwọ́ dúró.

"Tó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ìsàlẹ̀ ni," ló wí. "Basement. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ọmọ yìí kì í jẹ́ kó sùn lókè." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó jókòó sílẹ̀ lórí koríko pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo sáré sọ fún Mr. Wendell. Kò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ó wo ilé yẹn, ó wò ó títí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì máa dúró. Ó wá ní kí èmi àti Kayla fa hose gba ilẹ̀kùn basement tó wà lẹ́yìn ilé wọlé, pé tí òun bá ti fun fèrè truck, ká jáde, à báà rí i o, à báà má rí i o. Kayla lẹnìkejì mi, ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń ta kọfí. A kì í dá wọ inú iná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú ìyẹn dání. Ẹni tó bá dá wọlé, akíkanjú kọ́ ni, ẹrù ni fún ẹni tó máa wá gbé e.

Ẹ má gbàgbọ́ sinimá. Nínú iná, èèyàn kì í rí iná. Òkùnkùn ni, òkùnkùn tó gbóná. Mò ń fi orúnkún rìn, ọwọ́ mi kan wà lára ògiri, mi ò rí ọwọ́ yẹn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nínú mask bí mo ṣe máa ń gbà á níbi vigil. Kayla gbá mi léjìká: "Aunty, slow your breathing!" Òótọ́ ló sọ. Afẹ́fẹ́ inú tank tó wà lẹ́yìn yín níwọ̀n, àdúrà aláriwo á gbé e tán kíá. Ẹ gbà á nínú ọkàn. Ọlọ́run ò dití.

A dé ibi bẹ́ẹ̀dì, kò sí lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ la ti fọwọ́ bà á. Ó ti jí. Ó ti dìde, ó ti wá ọ̀nà, ó gba ibi tí kò yẹ kó gbà, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ògiri níbi tó rò pé ilẹ̀kùn wà. Ọwọ́ yẹn kì í kúrò lójú mi. Tí mo bá ń fọ ẹja, mo máa ń rí i. Tí mo bá ń fi abẹ́rẹ́ sí aláìsàn lára, mo máa ń rí i.

Èèyàn fìrìgbọ̀n ni Gbóyèga. Kayla ń fà á, èmi ń tì í. A ò tíì jìnnà tí àjà fi já lulẹ̀ lẹ́yìn wa. Wáyà wálẹ̀ lé mi lórí, ó kọ́ tank mi, ó dì mí mú. Bí mo ṣe ń jà á, bẹ́ẹ̀ ló ń fún mọ́ mi. Mo gbọ́ fèrè níta. Agogo ara tank mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ti ń tán. Mo kígbe sí Kayla pé kó máa gbé e lọ.

Níbẹ̀ ni gbogbo àdúrà tí mo kọ́ láti kékeré ti sá lọ. Orin ò wá, Sáàmù ò wá. "Jésù, má jẹ́ kí n kú síbí" nìkan ló wá. Lẹ́yìn náà, bí ẹni pé ẹnìkan fi ọwọ́ tẹ̀ mí lórí, mo dákẹ́. Mo rántí ohun tí Mr. Wendell máa ń fi kọ́ wa ní alaalẹ́ títí tí a fi ń yọ ṣùtì sí i: tí wáyà bá mú ọ, má tẹ̀ síwájú, padà sẹ́yìn. Mo padà sẹ́yìn. Mo yí èjìká, mo fà á yọ. Mo wá hose nílẹ̀, mo rí i, mo sì tẹ̀ lé e bí ọmọdé ṣe ń di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ní ẹnu ilẹ̀kùn, ọwọ́ kan wọ inú èéfín wá, ó gbá okùn ẹ̀yìn mi mú, ó fà mí jáde. Mr. Wendell ni. Ó ń sunkún, ó sì ń bú mi.

Ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, kó pa á. Ó yẹ kí wọ́n ti sin mí.

Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn kan ti ń wẹ̀yìn. Ẹ̀ ń retí kí n sọ pé Gbóyèga wà níbí lónìí, kó dìde kẹ́ ẹ rí i. Kò ní dìde. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ lórí koríko títí tí ọkàn rẹ̀ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò lajú. Ó kú kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Mo lọ bá Mama níbẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Rónkẹ́, ká ní mo ti sọ ọ́ nígbà tí òyìnbó yẹn kọ́kọ́ bi mí, ṣé ọmọ mi ì bá yè?"

Ẹ̀yin ará, mo ti tọ́jú aláìsàn pẹ́. Mo mọ irọ́ tí wọ́n máa ń pa nírú àkókò yẹn. Ó ti wà lẹ́nu mi. Mo wo ojú Mama, mi ò lè pa á. Mo ní, "Mi ò mọ̀, Ma." Ó mi orí. Ó ní, "O ṣé tó ò parọ́ fún mi. Irọ́ ti tó." Òun ló ní kí n wá sọ ọ́ fún yín. Ó pè mí láàárọ̀ yìí láti Ìbàdàn, ó ní kí n dárúkọ ọmọ òun.

Pásítọ̀, ẹ má bínú sí mi. Mi ò sọ pé ká má nígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Màtá ò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún Jésù. Ó wò ó lójú, ó sọ fún un pé àbúrò òun ti kú. Jésù ò bá a wí pé ó ní ẹnu búburú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ẹ lọ. Wọ́n nílò yín níbẹ̀, torí ọjọ́ kan á wà tẹ́ ẹ máa dé iwájú ilé kan, tí ìyá tó jọ ìyá yín á dúró lórí koríko. Ẹ má bi í pé ta ló wà nínú iná. Kò ní lè sọ ọ́. Ẹ bi í pé níbo ni ọmọ rẹ̀ máa ń sùn. Tí nǹkan tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ò bá sì jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun, ẹ wá bá mi, ilé mi ò jìnnà, ẹ má dá gbé e.

Ẹ bá mi yọ̀ o, mo wà láàyè, Kayla wà láàyè, ọmọ tuntun yẹn ti ń rìn. Ẹ bá mi rọra yọ̀. Kí n tó jókòó, ẹ yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má sọ pé neighbour, it is well. Ẹ fi ẹnu yín sọ fún un, àwọn tó ń sùn nílé yín, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti yàrá tí wọ́n ń sùn sí. Kì í ṣe èpè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi: èmi nìkan ni mò ń gbé, yàrá òkè, lọ́wọ́ òsì.

Ó yá. Ògo fún Ọlọ́run. Ẹ gbóhùn sókè, mi ò tíì gbọ́ yín.