Ènì Tí Látífàt Bù

Ara mi kò gbé e mọ́, dókítà kò sì fi bò fún mi. Kí n tó lọ, òótọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Èmi Oyèbánjí, akáúntáǹtì ní àdúgbò Fegge, ni mo ba orúkọ Látífàt jẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Alhaji Ràhmán ló ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Látífàt, opó àbúrò rẹ̀, ló ń wọn ọjà fún àwọn oníbàárà. Kò láhun rárá. Bí wọ́n bá ti ní, "Madam, put jara," á bu ènì, á tún bù ú lé e. Mo mọ̀. Bí mo bá ń ṣírò ọjà wọn, mo máa ń yọ ènì kúrò kí ìṣírò lè bára mu, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn.

Nígbà tó yá, Muadh ọmọ Alhaji gbé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kan sórí fóònù, tó ń ṣírò ọjà fúnra rẹ̀. Alhaji dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sinmi. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi ní ìrẹsì ń dín, kí wọ́n bi ẹni tó ń wọn ọjà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

"Ènì ni," ni Látífàt wí. Kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. "Bọ̀dá Oyèbánjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Alhaji kọjú sí mi. "Akáúntáǹtì, ṣé ènì lè tó báyìí?"

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ti ń tó bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ Muadh. Bí mo bá sọ ọ́, á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní sí ohun tí mo mọ̀ tí ẹ̀rọ kò mọ̀ mọ́. Ìmọtara-ẹni-nìkan ni, ẹ má wá orúkọ mìíràn fún un. Mo ní, "Alhaji, ènì kì í jẹ odidi àpò ìrẹsì. Ẹ̀rọ kì í sì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

Látífàt wò mí. Kò bú mi. Wọ́n ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìwó, kó fi Súlìyát ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, pé ọmọ àwọn ni.

Alhaji gbà mí padà, ó ní kí n máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹni tuntun tó ń wọn ọjà náà ń bu ènì. Èmi ń yọ ọ́, ìṣírò ń bára mu, Alhaji sì ń sọ pé, "Ẹ ò rí i? Látífàt ni lóòótọ́." Mo máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Orí oúnjẹ ni mo wà tí wọ́n fi sọ fún mi pé Látífàt ti kú. Mo jẹun tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ ń bèèrè bóyá ẹ̀rọ máa gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Bóyá. Ẹ jẹ́ kó gbà á. Alhaji, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Súlìyát, wọ́n ti kọ́ ọ pé kí o má máa dárúkọ ìyá rẹ níwájú àlejò. Máa dárúkọ rẹ̀. Kò jí nǹkan kan.