Àwo Orin Mẹ́rin Tí Mo Fi Dójú Ti Àna Mi

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti jẹun tán, ìyàwó mi a kúnlẹ̀, a sì bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji Bámidélé àbúrò òun tó ti di olóògbé. Ó ń tọrọ ìdáríjì fún irọ́ tí àbúrò rẹ̀ pa àti ìgbéraga tó ṣe sí mi lójú gbogbo ìjọ. Èmi náà a kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó sì ṣe àmín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bámidélé kò parọ́ kankan. Èmi ni mo ṣìnà, ó sì ti lé ní ọdún kan tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmín tí mò ń ṣe yẹn, bí ẹni ń gbé ẹyin iná mì ni.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní Ayédé. Ní ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira, òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní orin ní ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Ìkọ̀lé ní kí n kan àpótí ìwé fún òun. Iṣẹ́ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó fún mi ní giramafóònù tí a ń fi ọwọ́ yí, àti àwo orin mẹ́rin tó wà nínú páálí kan tó nípọn bíi Bíbélì. Tíṣà kan ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní orin kan ṣoṣo ló wà lára àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orin ijó tí wọ́n ń jó lórí pèpéle níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń ròyìn. Ó ní ẹni tó ṣe é kì í ṣe ará àtijọ́, ṣùgbọ́n ó lo ọgbọ́n orin àwọn baba ńlá wọn, bí ìgbà tí èmi bá fi pákó ilé àtijọ́ kan àga tuntun. Ìtàn inú rẹ̀ ni ti obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ lọ sógun, tó ń retí rẹ̀. Bóyá òyìnbó sọ bó ṣe parí, bóyá tíṣà ni kò túmọ̀ rẹ̀ tán, n kò mọ̀. Kò kàn mí létí.

N kò mọ̀wé rárá nígbà náà. Bí mo ṣe ń lò ó nìyí: mo gbé àwo kìíní lé e, mo fi ojú rẹ̀ kọrin, mo yí i padà, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọrin, kí n tó mú èkejì. Kí ni ẹni tí kò mọ̀wé ìbá tún ṣe? Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń fá pákó, ojú kan, lẹ́yìn náà ojú kejì. Orin náà a bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, a sì ṣàdédé di àríyá, bí ẹni ń gbéyàwó. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ a dàrú mọ́ra títí dé ẹ̀yìn àwo kẹrin, níbi tí gòjé òyìnbó kan ṣoṣo ti ń sunkún títí tí abẹ́rẹ́ fi ń họ ilẹ̀ àwo. Èmi fúnra mi wá túmọ̀ rẹ̀. Mo ní àríyá ìdágbére ọkọ ni ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹkún ìparí sì ni pé ìròyìn ikú rẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lẹ́yìn ìsìn. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn bá ogun Bọ́mà lọ tí wọn kò padà, àwọn mìíràn láti Ìrè, a fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá Olórin. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Tíṣà ni Bámidélé ọmọ ìyá ìyàwó mi ní Ayédé, òun náà ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó lọ lo ìsinmi ní Ìbàdàn, ó sì ra giramafóònù oníbátìrì bọ̀, pẹ̀lú àwo ńlá kan tó ń yí jẹ́jẹ́, tó gba odindi orin náà tán sára. Orin kan náà ni, àwọn olórin mìíràn ló lù ú. Ilé mi ló kọ́kọ́ gbé e wá, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni rí ẹbí tó sọnù. A jókòó, a ń gbọ́ ọ, èmi, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ tèmi, àfi pé fèrè tirẹ̀ ń lọ bí àgbà tó ń lọ ìpàdé, tèmi sì ń sáré bí ọmọ tó ń lọ odò. Èyí kò jẹ́ nǹkankan. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń retí àríyá, àríyá kò dé. Àárín ni gòjé ti sunkún, àríyá ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọkọ obìnrin náà mà padà dé."

"Ta ló padà dé? Òkú?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n wo bébà róbótó àárín àwo yín. Nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ó jọ pé ẹ ń fi ẹ̀yìn ṣíwájú."

Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí n kò fẹ́ kí Bámidélé kà lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ohun tó ti wà lójú mi fún ọdún mélòó kan tí n kò rí. Mo fi aṣọ bo àwo mi. Mo ní, "Ojú rẹ ló fẹ́ kọ́ etí mi? Ọwọ́ tíṣà kò ní í kàn án. Ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ n'Íbàdàn. Wọ́n gé orin lórí, wọ́n rán an mọ́ ìdí."

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà kì í bá èèyàn jà."

"Ìwọ lò ń bá mi jà."

Nígbà ìkórè, ó fi àwo tirẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ ní ijó, ayọ̀ sì ni wọ́n fi parí rẹ̀. Mo dìde ní ìpàdé ìjọ, mo ní ó ń fi àwo èké kọ́ àwọn ọmọ wa, ó sì fi ẹkún àwọn opó ṣẹ̀sín. Àwọn opó gbè mí lẹ́yìn. Àwọn àgbà ìjọ ní kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọkọ ní í dọ̀bálẹ̀ fún àna, bí àna náà ṣe wù kó kéré tó. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo dúró gbagidi bí òpó nígbà tí Bámidélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun tó fi ń tẹ dùùrù. Bàbá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Káfíńtà, gbé àna rẹ dìde." N kò gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó sì jáde.

Kò pẹ́ tó fi gba ìṣípòpadà lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ lọ kí i, mo ní bó bá lọ, ó ti pè mí ní òpùrọ́ nìyẹn. Kò lọ. Ó yàn mí. Ọdún mẹ́fà ni kò fi ojú kan ọmọ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé, a gbé e kiri àdúgbò títí a fi rí ẹni tó kà á fún wa: Bámidélé ti kú. Kí a tó dé Ìbàdàn, wọ́n ti sin ín.

Ìtìjú lẹ́tà yẹn ló mú kí n kọ́ ìwé. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi. Ìwé orin ìsìn ni mo mú, nítorí mo mọ orin inú rẹ̀ sórí. Mo ń fi ìka tẹ̀ lé ohun tí ẹnu mi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ń wo nọ́ńbà orin tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbà mí tó ọdún méjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ń nu èéhù kúrò lára àwọn àwo náà, ojú mi sì bọ́ sí bébà àárín wọn. Nọ́ńbà kìíní wà lójú àwo kìíní, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Ojú àwo kejì jẹ́ méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ méje. Ẹ̀kẹta, mẹ́ta àti mẹ́fà. Ẹ̀kẹrin, mẹ́rin àti márùn-ún. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Ìkọ̀lé ló wá là mí lóye lẹ́yìn náà pé irú àwo bẹ́ẹ̀ wà fún ẹ̀rọ àwọn olówó, tó ń já àwo lé ara wọn fúnra rẹ̀. Ojú gbogbo wọn ló ń kọ́kọ́ lò tán kí a tó yí wọn padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo tò wọ́n bí nọ́ńbà ṣe wí, mò ń dìde, mò ń jókòó. Gòjé sunkún ní àárín. Ní ẹ̀kẹjọ, ọkọ padà dé. Orin Bámidélé ni, àfi pé tèmi yá díẹ̀. Àwọn tó lu tirẹ̀ tọ̀nà, àwọn tó lu tèmi tọ̀nà. Èmi nìkan ni kò tọ̀nà. Ìyàwó mi yọ láti ibi ìdáná, ó mú orógùn lọ́wọ́.

"Bàbá Fọlá, èyí jọ ti Bámidélé."

"Irin inú ẹ̀rọ ló ti gbó," ni mo wí.

Ó ní, "Ó dáa," ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn mọ́.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bá mi rù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yìí ni a fẹ́ ṣe ìrántí Bámidélé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi sì mú bébà wá fún mi. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti mọ̀wé, ẹ bá mi kọ ọ́. Ẹ kọ pé ọmọ dáadáa ni, ìgbéraga nìkan ló ṣe é, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a bẹ Ọlọ́run, ó sì bá a bẹ ọkọ òun." Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe wí, mo tún dá àna mi dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nínú sàréè rẹ̀. Bí mo bá kọ òtítọ́, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún yóò gbọ́ láàárín ìjọ pé lásán ni òun fi ọmọ ìyá òun sílẹ̀ títí ó fi kú, nítorí ọkọ tí kò mọ nọ́ńbà. Bí mo bá sì sọ ọ́ fún un nílé lọ́tọ̀, ojú wo ni yóò fi máa wò mí lórí oúnjẹ?

Ọjọ́ Ẹtì lòní. Orúkọ Bámidélé ni mo ti kọ, n kò tí ì kọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n kọ tẹ̀ lé e? Ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi ìdáná, ó ń bi mí bóyá mo ti kọ ọ́ tán.