Fítámínì C ni mo fi sínú ìgò magnísíọ̀mù Ẹ̀gbọ́n Múrí

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo lọ́kàn mi. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi báyìí. Ó ku ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí WhatsApp, níbi tó ti ń sọ pé magnísíọ̀mù ló wo pajápajá ẹsẹ̀ òun sàn ní Sharjah. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ẹ̀ṣọ́ ni mí ní ilé gogoro kan ní Dubai Silicon Oasis. Kí n tó wá, mo gboyè nínú ìmọ̀ báyọ́kẹ́mísírì ní Nàìjíríà, nítorí náà ni àwọn tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Abu Shagara ní Sharjah ṣe sọ mí ní Dókítà. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé n kì í ṣe dókítà. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Orúkọ náà dùn mọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì kan ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n Múrí jọ ń lò. Òun wà nísàlẹ̀, èmi wà lókè. Ẹ̀ṣọ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n fi í sí, nínú oòrùn gbangba. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa fà, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ a sì le bí òkúta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, pajápajá mú un nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ nígbà tí a ń darí sílé. Ó fò dìde, ó di àga mú. Ọmọ Ìbàdàn kan tó jókòó lẹ́yìn ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fẹ́ jó, ẹ máa sọ fún wa ṣáájú, ká lè bá yín tan orin.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó yíjú sí mi. “Dókítà, ìwọ lo kàwé. Kí ni kí n lò?”

N kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní magnísíọ̀mù ni. Mo fi kún un pé kí ó máa mu omi dáadáa láti òwúrọ̀, kí ó sì máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó sùn.

Nínú yàrá wa, ẹni tó bá kàwé ni wọ́n máa ń rán lọ ra oògùn, nítorí wọ́n gbà pé òun ló lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Èmi ni Ẹ̀gbọ́n rán. Mo sì rà á.

Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Iṣan tèmi náà ń fà, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé kò yẹ kí ẹni tí wọ́n ń pè ní Dókítà máa ṣe àìsàn tó ń júwe oògùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo ṣí ìgò náà, mo lo ọ̀kan. Mo tún lo òmíràn. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé wọn kò tíì ní in ní ilé oògùn. Nígbà tí yóò fi tún bi mí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo da èyí tó kù sínú báàgì mi, mo sì kó fítámínì C funfun tí àbúrò mi dì fún mi láti ilé sínú ìgò náà. Kò rí magnísíọ̀mù rí. Ó gbà á, ó dúpẹ́.

Ó wù mí kí n sọ pé mo ní in lọ́kàn láti ra òmíràn. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ̀ mọ́ bóyá ìrántí ni tàbí àwáwí. N kò tilẹ̀ rántí oṣù náà dáadáa. Mo ṣá mọ̀ pé ooru ṣì mú. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọwọ́ mi ló ṣe é.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ rún. “Ó kan gan-an o, Dókítà. Ó jọ pé ó lágbára.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi balẹ̀. Mo gbà pé omi tó ń mu ni, àti ẹsẹ̀ tó ń nà, àti ooru tó rọlẹ̀. Tèmi tí mo lo ojúlówó kò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ kiri, ó sì ń yìn mí nínú rẹ̀. Mo gba ìyìn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín: ní ibi tí oyè ìwé mi kò ti já mọ́ nǹkan kan, ìyẹn nìkan ló mú kí n dà bí ẹni tó kàwé.

Lẹ́yìn náà ni iṣan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní Ìwó. Ilé ìwòsàn sì ti sọ pé kíndìnrín ìyá náà kò lágbára mọ́. Ẹ̀gbọ́n ra ìgò mélòó kan láti fi ránṣẹ́ sí wọn nínú ẹrù Alhaja kan tó ń ra ọjà ní Naif ní Dubai lọ sí Èkó.

Èyí kò rú mi lójú rárá: kíndìnrín tí kò lágbára kì í lè gbọn magnísíọ̀mù dànù. Yóò máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ṣe ọkàn àti èémí ní jàǹbá. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà wọn. Ó kọ̀. “Dókítà yẹn kò ní pajápajá. Èmi ni mo ní in, èmi ni mo lo oògùn, èmi ni ara mi yá.”

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀, èmi ni mo sì ṣe ayédèrú ẹ̀rí náà. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè dá a dúró.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí Naif. Bí Alhaja ṣe ń lẹ páálí náà pa, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lo magnísíọ̀mù rí. Fítámínì C ni mo fún yín. Èmi ni mo mu tiyín.”

Alhaja gbé ohun tí wọ́n fi ń lẹ páálí sílẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì,” ni wọ́n wí, “ẹ kọ́ nǹkan níbẹ̀ o.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ya páálí náà fúnra rẹ̀, ó kó àwọn ìgò náà jáde.

A jọ rìn dé ibùdó bọ́ọ̀sì. Níbẹ̀ ló ti ní, “Ní ti ẹsẹ̀ mi, mo ti dárí jì ọ́. Ní ti Màámi, n kò tíì mọ̀. Bí ẹrù yẹn bá ti lọ ńkọ́?”



Ó ti pa ohùn náà rẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, kí ó má fọwọ́ kan magnísíọ̀mù láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ ní kí ó lò ó. Mo lè ṣiyèméjì nípa ohun gbogbo tí mo rántí, n kò ṣiyèméjì nípa èyí.

Ìyá Ẹ̀gbọ́n kò tíì gbọ́. Bí wọ́n bá pe ọmọ wọn, wọ́n ṣì máa ń ní kí ó gbé fóònù fún mi, kí àwọn lè ṣàdúrà fún dókítà tó wo ọmọ àwọn sàn. Mo sì ń ṣe àmín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn fúnra mi, tàbí kí n dúró kí ọmọ wọn kọ́kọ́ dárí jì mí?