Èmi Ni Mo Ké, Kì Í Ṣe Òbúkọ

Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí lọ́dọọdún pé kí ló dé tí mo fi ń gbé omi sẹ́nu nígbà tí a bá fẹ́ pa ẹran Kérésìmesì, ẹ fara balẹ̀ wàyí. Ọdún 1978 ń lọ sópin, orí mi ti funfun, ó sì ti sú mi láti máa purọ́ pé eyín ló ń dùn mí. N kò ní gbé àṣírí yìí wọ ọdún tuntun.

Fún ẹ̀yin ayálégbé tuntun, èmi ni Silas Ọmọ́tọ́ṣọ́, ọmọ Iléṣà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré. Akọ̀wé rélùwéè ni mí nígbà tí mo gba yàrá méjì nílé Bàbá Nọ́síràtù níhìn-ín ní Òṣogbo. Mùsùlùmí òdodo ni Bàbá. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ṣùgbọ́n etí wọn mú. Àṣà ilé yìí ni pé Kìrìsìtẹ́nì kì í dúńbú ẹran ọdún rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá ni í dú u, wọn a pe orúkọ Ọlọ́run sí i, kí gbogbo ilé lè jọ jẹ nínú ìkòkò kan. Àwa náà kì í se ẹlẹ́dẹ̀ níbí. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá ń wu Susannah ìyàwó mi jẹ, á dúró dìgbà tó bá lọ sílé wọn ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Ní Iléyá ọdún 1969, Bàbá gbé odindi itan àgbò fún wa. Mo dúró láàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fọ́nnu pé bí Kérésìmesì bá dé, gbogbo ilé ni yóò mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń bá wọn gbé. Ẹnu mi yìí ló kó bá mi! Mo ra òbúkọ ńlá kan ní Ẹ̀sà-Òkè, mo so ó mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé.

Ní ìdájí ọjọ́ Kérésìmesì, igbe Susannah ló jí mi. "Bàbá Fúnmilọ́lá, ẹ dìde o! Ukú ti pa òbúkọ!" Òbúkọ ti yí ìdí ìbẹ́pẹ po títí okùn fi fún un lọ́rùn. Ara rẹ̀ ṣì gbóná, ṣùgbọ́n kò mí mọ́. Òkúǹbete! Mùsùlùmí kì í jẹ ẹ́, Bíbélì tèmi náà kọ̀ ọ́. Mo sáré ṣí Diutarónómì bóyá n ó rí ibi yọ́ gbà. Ó ní a kò gbọdọ̀ jẹ ohun tó kú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi fún àlejò tó wà nínú ibodè wa. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ilé Bàbá ni mo wà, èmi gan-an ni àlejò!

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n lọ sọ fún Bàbá pé ẹran ti kú. Wọn ì bá rẹ́rìn-ín, à bá sì se ẹ̀wà jẹ. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu, ojú ń tì mí. Mo ní kí Susannah fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná bo òbúkọ náà, kí Bàbá lè rò pé ó ṣì wà láàyè.

"Ṣé ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni?" ló bi mí.

Mo ní Ọlọ́run mọ ọkàn wa. Ó bá bò ó. Ẹ má bá a wí o, èmi ni mo rán an níṣẹ́ ẹrú.

Bàbá ti ibi ìrun àsùbáà dé tọ̀bẹ tọ̀bẹ. "Ẹ kú ọdún o. Ẹran dà?"

"Òun nìyí, Bàbá. A ti dè é kalẹ̀ dè yín."

Mo di iwájú mú, Susannah di ẹ̀yìn mú, ó ń mì í díẹ̀díẹ̀. Bàbá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, wọ́n dáwọ́ dúró. "Irú òbúkọ wo ni kì í ké?"

Ibi tó burú jù nìyí. Èmi tí mo ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹ orí sẹ́yìn òbúkọ tó ti kú, mo la ẹnu, mo ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ́!"

"Hẹn-ẹ́n," ni Bàbá wí. "Ó mà níwà tútù o. Òbúkọ Kìrìsìtẹ́nì ni lóòótọ́." Wọ́n ṣe Bísímílà, wọ́n dú u, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì jáde. Wọ́n ṣàdúrà fún wa, èmi ni mo ṣe àmín tó ròkè jù.

Gbogbo ilé jẹ ẹ́. Nọ́síràtù fá egungun mọ́ tónítóní, ó ní òun kò jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ rí. Èmi kò jẹ, mo ní inú ń run mí. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé, "Ẹ jẹun nílé Silas láìbéèrè. Olóòótọ́ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Ní òpin 1973, Bàbá ń lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ń ti ojúlé dé ojúlé tọrọ àforíjì, bí àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ti í ṣe. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Silas, bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ rí, dárí jì mí." Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Bàbá, mo ti dárí jì yín." Èmi ọ̀daràn! Títí wọ́n fi dé, n kò sùn dáadáa. Bí wọ́n bá kú sọ́hùn-ún ńkọ́?

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé, mo dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá wọn, mo jẹ́wọ́. Mo ti ń ro ibi tí n ó kó ẹrù mi gbà.

"Àwa tí a kò mọ̀, Ọlọ́run kò ní kà á sí wa lọ́rùn," ni wọ́n wí. "Ọrùn ìwọ tó mọ̀ ló wà. Ó yá, ké e kí n tún gbọ́."

"Bàbá?"

"Mo ní kí o ké bí o ti ké lọ́jọ́ náà."

Mo ké e. Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n wá nu ojú. "Mo ti dárí tèmi jì ọ́. Ti àwọn yòókù kò sí lọ́wọ́ mi. Láti ìsinsìnyí lọ, bí mo bá fẹ́ dú ẹran rẹ, gbé omi sẹ́nu, kí n lè mọ ẹni tó ń ké. Ọjọ́ tí o bá fẹnu ara rẹ sọ fún gbogbo ilé, kí o tu ú."

Kérésìmesì mẹ́rin ni mo ti fi gbé omi sẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ òbúkọ náà, pàápàá ìwọ Nọ́síràtù, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá fẹ́ jẹun nílé mi mọ́, ẹjọ́ mi ni, ṣùgbọ́n yóò dùn mí gan-an. Ẹ̀yin ọmọdé, ohun tí ẹnìkejì yín kì í jẹ, ẹ má fi tàn án jẹ láé. Ẹni tó bá jẹun yín láìbéèrè, ọkàn rẹ̀ ló fi tán yín.

Lọ́la ni Kérésìmesì. Òbúkọ wà lẹ́yìnkùlé, okùn rẹ̀ kúrú, Susannah ń ṣọ́ ọ. Bàbá sì nìyẹn, wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ. Èmi yóò dúró tì wọ́n láìsí omi lẹ́nu. Bí ẹ bá gbọ́ igbe lọ́la, òbúkọ ló ké.