Pọ́ǹpù Èémí tí Ìyá Mi Gbé Pamọ́ Nítorí Ààwẹ̀

Ẹ má fi àga lọ̀ mí, Alájì, mi ò jókòó! Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹ̀yin tó jẹ́ pé bí ẹ bá wúkọ́, Fàdílátù àbúrò yín á ti dìde, ṣé ẹ mọ ibi tó wà báyìí? Ọsibítù! Rọ́bà atẹ́gùn wà nímú rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ló wà.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi yan ẹja l'Ablogamé, tí èéfín igi ń wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ikọ́ dé, ẹ ní ikọ́ ife ni, ẹ ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ta ló gbà á sílẹ̀? Nọ́ọ̀sì Edwige ní ọsibítù ni, tó ní kó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, tó ní kì í ṣe ikọ́ ife, èéfín ló ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìlànà ìtọ́jú rẹ̀ wà lára ògiri níbẹ̀: kó kúrò nídìí èéfín, pọ́ǹpù kan tí á máa fà sẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́, bí ara tiẹ̀ yá; pọ́ǹpù kejì, ìgbàkígbà tí èémí bá há. Ìgbàkígbà o! Màmá tẹ̀ lé e, ó tún ń fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Bè-Kpota. Ẹ ò rí i ni?

Ààwẹ̀ ku ọ̀la, ẹ jókòó sórí ẹní wa, ẹ ní ohunkóhun tí ọ̀fun bá ti tọ́ wò ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Gbólóhùn kan péré! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn ni, àbí èmi ni n ó kọ́ Alájì ní kéwú? Màmá kó pọ́ǹpù méjèèjì sínú àpótí, ó fi ìbòrí wé wọn. Bí èémí bá há lọ́sàn-án, á di ògiri mú. Bí oòrùn bá wọ̀, á fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá léra, ó ní òun ń dá èyí tó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ padà, bí ẹni tó ń san ìrun! Ṣé èémí ṣe é sún síwájú, Alájì?

Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, Nọ́ọ̀sì Edwige bú sẹ́kún. Ó ní pọ́ǹpù àárọ̀ àti alẹ́ yẹn ì bá bọ́ sí sààrì àti ìṣínu láìsí wàhálà, ká ní ẹnì kan bi òun. Ó ní òun náà ò bi wá nípa ààwẹ̀. Ó tọrọ gááfárà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì o! Ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹ má sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Wàláì, ẹ má sọ ọ́ sí mi létí.

Torí títí di ìsinsìnyí, bí wọ́n bá gbé pọ́ǹpù sí i lẹ́nu, ògiri ló ń kọjú sí. Ó ní oòrùn ò tíì wọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò tíì ní kí òun fà á. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, èmi ọmọ rẹ̀. Ó ní mo kéwú tó ẹ̀gbọ́n òun bí? Dókítà ní òun ò lè fipá mú un, bẹ́ẹ̀ èémí tó kù yẹn ò lè gbé e dé ìrọ̀lẹ́.

Ẹ dìde. Alùpùpù sémíjàn tó gbé mi wá ṣì ń dúró níta. Ẹ ń sunkún? Ẹ máa sun ún lọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má ka kéwú kankan sí i lórí, ẹ gba pọ́ǹpù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e sí i lẹ́nu, kí ẹ ní, "Fàdí, àṣìsọ ni mo sọ. Fà á."